Pẹ̀lẹ́ fún Nọ́ńbà Tẹ́ẹ̀nì

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ pé kí n má wo bọ́ọ̀lù. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ará ilé, wọ́n máa ń rò pé àpárá ni mò ń dá, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ní Sátidé tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, mo máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò kan tó ń tàn yanran, màá dúró létí pápá, màá kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù, màá kọjú sí èrò. Iṣẹ́ wa ni ká máa ṣọ́ wọn, kí wọ́n má fo irin wọ pápá, kí wọ́n má ju ìgò, kí wọ́n má na ara wọn. Ẹni tó bá yíjú wẹ̀yìn, ọ̀gá wa á rí i láti òkè, á sì bá a wí lórí rédíò.

Èmi tí mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ nílé. Ìyà wo ló tún ju kí wọ́n gbé ọbẹ̀ sẹ́yìn èèyàn, kí wọ́n ní òórùn nìkan ni kó máa gbọ́? Ojú àwọn èèyàn ni mo fi ń wo bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba. Mo mọ ojú tí wọ́n máa ń ṣe bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ wọlé. Mo mọ ojú tí wọ́n máa ń ṣe bó bá lu irin. Mo mọ ojú ẹni tó ti ń jó kó tó rí i pé rẹfirí ò ka góòlù náà sí. Bí wọ́n bá gbá a tán, mo lè ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ẹ láì wo ẹyọ kan níbẹ̀.

Ojú kan péré ló kù tí mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, ó dùn mí pé mo mọ̀ ọ́n.

Tíṣà ni mí ní Ìlobù kí n tó wá. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, àmì ohùn, òwe, bí a ṣe ń kí èèyàn, gbogbo rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi tíṣà Yorùbá ṣe kí ni níbí? Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo wà, tí à ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ níbẹ̀ ń ké débi pé kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Wọ́n á na ìka sí ẹ, ìwọ náà á na ìka sí wọn, iṣẹ́ á máa lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ń kí ọkùnrin ilé kejì wa láràárọ̀ bí a ṣe ń kí èèyàn: ṣé dáadáa lẹ jí, ṣé ara le, àwọn ọmọ ńkọ́. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó wò mí tìtì, ó ní ṣé mo nílò ìrànlọ́wọ́ ni. Mo ní rárá. Láti ọjọ́ náà, orí ni mò ń mì sí i. Òtútù ò pa mí tó ìyẹn.

Àjò ò dà bí ilé. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó, tí àwọn ọmọ á máa kà á bí orin. Èmi tí mò ń kọ ọ́ ò mọ ohun tí mò ń kọ.

Mùfú ni Ọlọ́run fi tù mí nínú. Mùfútáù lorúkọ rẹ̀ ní kíkún, wẹ́dà ni nílé, ẹgbẹ́ mi ni, àwa méjèèjì ti lé lógójì. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ilé tí a jọ háyà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kó dé, mo bá a ní kíṣìnnì, ó ń tẹ èbà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," mo ní.

"Ẹ káàbọ̀. Ọmọ ibo ni yín?"

"Ìlobù."

Ó dáwọ́ dúró. "Ìlobù wo? Ìlobù tiwa?"

"Ìlobù mélòó ló wà?"

"Ọmọ Ìfọ́n lèmi," ó ní.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ti fíríìjì. "Mo sá fún ọ̀tá nílé, mo wá bá a ní kíṣìnnì. Mú abọ́ wá jàre."

Bó ṣe di "o" láàrin wa nìyẹn. Tíṣà ló ń pè mí. Ẹni tí kò bá mọ̀lú ò lè sọ ibi tí Ìlobù parí sí tí Ìfọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ń fara kan ilé. Bí wọ́n bá ń din dòdò ní Ìfọ́n, imú Ìlobù ló ń gbóòórùn rẹ̀. A ń fẹ́ ara wa, à ń lọ síbi òkú ara wa, ìjọba ìbílẹ̀ méjì, ọba méjì, àti ilẹ̀ kan tí a ti ń bá ara wa fà kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wa. Bi mí pé ta ló nilẹ̀, màá ní àwa ni. Bi Mùfú, á ní àwọn ni. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó ní ibi tó lè gbin ẹ̀gẹ́ kan sí lórí ilẹ̀ ọ̀hún.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa Mùfú ni pé ẹnu rẹ̀ ò lè ṣe kó má kí èèyàn ní pẹ̀lẹ́. Mo sín, pẹ̀lẹ́. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi, pẹ̀lẹ́. Wọ́n fi báńdéèjì di ajá onílé kejì lẹ́sẹ̀, Mùfú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń kí ajá. "Ó dùn ẹ́, àbí? Pẹ̀lẹ́." Ẹni tó ni ajá fa okùn, ó yára kọjá.

Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò. Pẹ̀lẹ́ yìí náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bàbá arúgbó kan yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn pápá lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀. Mùfú sáré lọ gbé e. "Sọ́rì, sà. Sọ́rì, sọ́rì." Ọmọ bàbá náà na ìka sí i, ó ní, "Gbogbo yín gbọ́ ọ, ó ti jẹ́wọ́." Jẹ́wọ́ kí ni? Mùfú ò sí nítòsí nígbà tí bàbá yọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ọ̀gá, wọ́n sì kó gbogbo wa jọ.

"Ẹni tó bá ṣubú, ẹ gbé e dìde, ẹ pe dókítà," ọ̀gá wa sọ fún wa lédè wọn. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ sọ́rì. Ẹni tó bá sọ sọ́rì níbí, òun ló ṣe é."

Mùfú nawọ́ sókè. "Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Má sọ ọ́ nìyẹn."

Mùfú yíjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì tutù pẹ̀sẹ̀. "Tíṣà, ó yé mi. Láti òní lọ, èdè wa ni màá máa fi kí wọn. Jẹ́ kí wọ́n gbé pẹ̀lẹ́ lọ sí kóòtù."

A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní ká dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ro ọ̀rọ̀ náà délé. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ni, mi ò ronú kàn án rí pé pẹ̀lẹ́ ò ní ẹ̀bi nínú. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, òkúta ò lè kí i, àwa la máa ń bá òkúta kí i. Bí o bá wà nítòsí tí o ò kí i, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á tó bi ẹ́ pé kí lo mọ̀ nípa rẹ̀.

Mùfú náà wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó yá. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Ìlobù àti Ìfọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún, Ìfọ́n sì ní ọmọkùnrin kan, Gánì Ẹlẹ́sẹ̀-òsì. Kò sí ọdún tí Gánì ò ní fìyà jẹ wá. A ń bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ń kọrin pé kí ẹsẹ̀ òsì náà kán, kí gbogbo wa sinmi. Ọdún kan, Gánì fò sókè, ó sì balẹ̀ tí kò dáa, ẹsẹ̀ òsì yẹn náà ló dojú kọ ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀dọ̀ tiwa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Pẹ̀lẹ́ o, Gánì. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jù báyìí lọ. Gólì wa ló gbé e pọ̀n dé ibi mọ́tò. Ìyá kan ní ilé tó wà lẹ́yìn pápá ti gbé òrí àti omi gbígbóná jáde. Wọ́n gbé Gánì lọ tán, eré tún bẹ̀rẹ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Mo ń sọ ìtàn yìí fún Mùfú lọ́jọ́ kan, ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "O rò pé o máa sọ ọ́ fún mi ni? Mo wà níbẹ̀. Apá ọ̀dọ̀ tiwa ni mo dúró sí. Mo rántí pé ẹ̀yin ará Ìlobù lẹ kọ́kọ́ kí i."

Mo ti rin ọ̀nà jíjìn kí n tó rí ẹni tó dúró ní òdìkejì pápá kan náà pẹ̀lú mi.

Ọjọ́ Sunday ni ìyá mi máa ń pè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà náà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn nìkan ló ń gbé ilé tí bàbá mi kọ́, tí sàréè bàbá wà níwájú rẹ̀. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ kíṣìnnì kí n tó gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí mi. Mùfú á gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìyá wa, ẹ kú ìsinmi o."

"Ọkọ mi ará Ìfọ́n. Ẹ ti gba ilẹ̀ mi, ẹ tún fẹ́ gba ọmọ mi?"

"Ẹ ní ọmọ, ìyá wa? Kò mọ ọbẹ̀ sè o. Ẹ wá gbà á padà."

Ìyá mi á rẹ́rìn-ín. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá Mùfú sọ máa ń ju èyí tí wọ́n bá mi sọ lọ. Mi ò bínú sí i. Ó dàbí ẹni pé a ní ìdílé.

Ìjà ilẹ̀ yẹn wá tún bẹ́. Mi ò ní sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá sọ ọ́ ní Ìlobù, ẹlòmíràn wà ní Ìfọ́n tó máa sọ ọ́ lọ́nà míì, àwọn méjèèjì á sì fi Ọlọ́run búra. Kì í ṣe Sunday nígbà tí ìyá mi pè. Mo ti mọ̀ kí n tó gbé e. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn wọn máa jáde síta torí epo wà lọ́wọ́ mi, Mùfú sì ń gé àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Òṣogbo ni mo wà," ìyá mi ní. "Ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ. Ilé ti jó."

"Ilé wo, mà?"

"Ilé wa. Wọ́n ní kò ku nǹkan kan. Wọ́n ní iná mú sàréè bàbá ẹ, ó ti là."

"Ta ló ṣe é?"

"Iná ló ṣe é," wọ́n ní.

A sọ̀rọ̀ tán, mo pa fóònù. Mo dúró. Mi ò mọ ohun tí mò ń dúró dè títí tí mi ò fi rí i. Ọ̀bẹ Mùfú ń lọ lórí pákó, kò yára, kò falẹ̀. Ó gé àlùbọ́sà náà tán, ó gé òmíràn tí a ò nílò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìrẹsì ti jinná." Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin tó kí ajá ní pẹ̀lẹ́.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n pe òun náà. Mo gbọ́ ọ láti yàrá mi, torí ògiri ilé wọn níbí fẹ́lẹ́. Ilé ẹbí wọn ní Ìfọ́n, èyí tó súnmọ́ ààlà, ti lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú níbi tó ti ń sá wọ inú oko, orúnkún rẹ̀ fọ́. Ìgbà tí wọ́n fi rí i, ó ti wú kọjá ohun tí dókítà lè tètè wò. Mo gbọ́ tí Mùfú ń sunkún nílé ìwẹ̀, tó ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́.

Mo rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ náà. Pẹ̀lẹ́ wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, kí ló máa gbọ́? Ó máa gbọ́ pé àwa la ṣe é. Ṣebí ìdí tí òun náà ò fi lè sọ ọ́ fún mi nìyẹn. A ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìlú yìí dáadáa, àwa méjèèjì, ó ti wọ inú èdè wa lọ. Àti pé, kí n sọ ọ́ bó ṣe wà, mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kí mi. Ilé tèmi ló kọ́kọ́ jó. Omi ń dà nínú ilé ìwẹ̀, èmi náà dúró níta, mo sì padà sí yàrá mi.

Láti ìgbà náà, a ń kí ara wa lójúmọ́. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti padà di "ẹ". Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tíyẹn jẹ́, pé kí ọ̀rẹ́ tó ń pè ẹ́ ní "o" bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá ẹ sọ̀rọ̀. Oníkálukú ń fi nǹkan sétí láti gbọ́ ohùn tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un nípa wa, torí mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nípa wọn. Nígbà tó yá, ó kó lọ. Ó fi ìkòkò tí a jọ rà sílẹ̀ fún mi, ó ti fọ̀ ọ́. Ní pápá, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí igun kejì. Ó sì pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, kò fún mi ní tuntun.

Ìyá mi kò mọ̀. Ní gbogbo Sunday, láti Òṣogbo, wọ́n á bi mí.

"Mùfú ńkọ́?"

"Ó lọ síbi iṣẹ́, mà."

"Ṣé ó kí mi?"

"Ó kí yín, mà. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́."

"Hẹ̀n. Ó ṣeun."

Mò ń ra pẹ̀lẹ́ láwìn fún ìyá mi lórúkọ ẹni tí kò tajà. Kí ni ǹ bá ṣe? Wọ́n ti kọjá àádọ́rin, ẹní ni wọ́n ń sùn lé lọ́dọ̀ àbúrò wọn, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pípadà sí Ìlobù. Ẹnì kan ní Ìfọ́n, ẹnì kan ṣoṣo, ni wọ́n fẹ́ kó kí àwọn. Wọn ò bèèrè ilé, wọn ò bèèrè ilẹ̀.

Ẹ má rò pé kò sí ohun rere kankan ní ìlú yìí. Ìyá arúgbó kan wà tó máa ń jókòó sí ìlà iwájú, níbi tí mo kọjú sí gan-an. Fìlà òwú pupa ni wọ́n máa ń dé, wọ́n á sì gbé tíì dání nínú fúlásíkì. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń fún mi ní súìtì kan. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe ń kíni lédè mi, mo sì kọ́ wọn. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sọ ọ́ lásọtúnsọ, títí wọ́n fi lè sọ pé "Ẹ káàsán" tí èèyàn á fi mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí mo ní ní Ìlú Ọba nìyẹn. Inú mi máa ń dùn délé.

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ìlú kejì wá, ìlú tí odò nìkan là sọ́tọ̀ kúrò lára tiwa, kò sí àyè lórí ìjókòó kankan. Àwọn náà ní Gánì tiwọn. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, nọ́ńbà tẹ́ẹ̀nì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọdọọdún ló ń pa àwọn èèyàn wa lẹ́kún. Tẹ́ẹ̀nì ni gbogbo wọn ń pè é, wọ́n sì ń bú u bí a ṣe bú Gánì. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú, mo ní wọn ò mọ èébú bú tó wa.

Eré ò tíì tó ìdajì. Mo gbọ́ "páà" lẹ́yìn mi, bí ẹni ṣẹ́ igi ìdáná, mo gbọ́ igbe kan, mo gbọ́ fèrè. Mo wo ojú wọn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnu là sílẹ̀. Àwọn kan gbé ọwọ́ lérí. Mo ní, ó ti dé, wọ́n á kí i báyìí. Mo ń dúró de pápá kí ó pa lọ́lọ́. Ọkùnrin kan lókè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ẹ̀rín náà ń sọ̀kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà bí ẹni da omi. Orin sọ. Wọ́n ń kọrin pé ó ti tán, pé ó dìgbóṣe. Ọkùnrin kan fi ọwọ́ méjèèjì bo etí ọmọ rẹ̀, kò bá wọn kọ ọ́, mo rí i, kí n má purọ́ mọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó onífìlà pupa dìde dúró. Wọ́n yọ áńkáṣíìfù, wọ́n ń jù ú sókè, wọ́n ń dágbére fún ọmọ náà. Ojú wọn dán bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Wọ́n fa apá aṣọ mi. "Ṣé o rí i?"

"Mi ò rí i, mà. Ẹ̀yìn ni mo kọ."

"Ó ti kán," wọ́n ní, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. "A bọ́."

Ojú tí mo ní mi ò mọ̀ nìyẹn. Ká ní àwọn èèyàn búburú ni mo rí i lára wọn, ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo wá ronú sí ilé. Mo bi ara mi pé bí Gánì bá ṣubú lónìí, ní Ìlobù, lẹ́yìn gbogbo iná yìí, ta ló máa gbé e pọ̀n? Mi ò rí ẹnì kankan.

Orin náà dá níbì kan, bí orin ṣe máa ń dá kí wọ́n tó mí. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Ohùn ọkùnrin kan, láti igun kejì, ní ọ̀nà ibi tí wọ́n ń gbé aláìsàn gbà jáde. Yorùbá pọ́ńbélé ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín dáadáa. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo yíjú. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ń wò mí láti òkè, mo sì yíjú. Wọ́n gbé Tẹ́ẹ̀nì sórí ibùsùn oníkáńfáàsì, ó fi apá bo ojú, wọ́n ń gbé e kọjá níwájú Mùfú. Mùfú ti kúrò ní ààyè rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan létí ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ nà sí ọmọ náà, kò fọwọ́ kàn án.

Tíṣà Yorùbá ni mí, mi ò lè ṣe kí n má gbọ́ "ẹ" yẹn. Ọmọ náà kéré, Mùfú lè bí i. Mùfú ò sì fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀ rí. Kì í ṣe Tẹ́ẹ̀nì ló ń kí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kí, nínú oko, ní Ìfọ́n, níbi tí kò sí.

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Àwa méjèèjì nìkan la gbọ́ ohun tó sọ nínú gbogbo pápá náà. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó dìde, ó padà sí ààyè rẹ̀, ó kọjú sí èrò. Èmi náà kọjú sí tèmi. Ìyá onífìlà pupa na súìtì sí mi, mo gbà á, mo dúpẹ́.

Lẹ́yìn eré, a tò láti dá jákẹ́ẹ̀tì padà. Ó bọ́ sí i pé ó wà níwájú mi. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ti ń hewú.

"Mùfú," mo ní.

"Ẹ ẹ̀n?"

"Ẹsẹ̀ ni àbí?"

"Orúnkún ni," ó ní.

"Orúnkún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo mọ ohun tó kù kí n sọ. Ó tiẹ̀ dúró díẹ̀, bí ẹni ń dúró dè é. Ọmọbìnrin tó ń gba aṣọ ní ká sún síwájú. Mùfú fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà," ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì ìyá mi pè. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ kíṣìnnì, mo gbé e. A kí ara wa tán, wọ́n sọ ti òjò Òṣogbo, wọ́n sọ pé ojú ń dun àwọn.

"Mùfú ńkọ́?"

"Ó wà, mà."

"Ṣé ó kí mi?"

Mo fẹ́ sọ èyí tí mo máa ń sọ. Èyí tí mo gbọ́ lánàá ló bọ́ sẹ́nu mi. "Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, mà. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́."



"Èyí dé ọ̀dọ̀ mi," wọ́n ní. "Àwọn tó o ti ń sọ láti ìgbà yìí wá, mo mọ̀ pé ìwọ lò ń sọ wọ́n, mi ò fẹ́ dójú tì ẹ́ ni. Ti òní yìí, ohùn ẹ yàtọ̀. Ó kí mi lóòótọ́."

Mo gbé iwájú orí mi lé ilẹ̀ kíṣìnnì.

"Sọ fún un pé mo gbọ́," ìyá mi ní. "Sọ fún un pé èmi náà kí i, pé kó pẹ̀lẹ́. Ṣé o máa sọ fún un?"

"Màá sọ fún un, mà."

"Sọ fún un lónìí."

"Lónìí, mà."

Wọ́n súre fún mi, wọ́n súre fún Mùfú, wọ́n pa fóònù. Mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, fóònù lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà tí kò lọ mọ́ ni mo sì ní.